Àwo àkọ́kọ́ gba 7.1, ó gba ìràwọ̀ mẹ́rin, ó tún gba 68: èwo ni ká gbà gbọ́?

Láti oṣù Keje ọdún 2015, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń gbé àwo orin tuntun jáde káàkiri àgbáyé. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, àríyànjiyàn ti dé Òṣogbo, láti ìsọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ọláìyá títí dé ọgbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnì kan á ní àwo ọmọbìnrin onígìtá yẹn gba 7.1. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, ìràwọ̀ mẹ́rin ló gbà. Ẹnì kẹta á na fóònù tirẹ̀ síta, 68 ló wà níbẹ̀. Ẹnì kẹrin á wá bi wọ́n ní ìbéèrè tó dára jù: ta ló ń fún un ní máàkì gan-an, kí ló sì ń fi wọ̀n ọ́n?

Kò sí òpùrọ́ láàárín wọn. Máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jẹ́ ti àwo kan ṣoṣo láìtakora. Ṣùgbọ́n kéèyàn tó rí i bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ ohun tí wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n, ẹni tó gbé e síbẹ̀, àti bí òṣùwọ̀n náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ibi tó rọrùn jù la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ni akọrin tó tún ń ṣẹ̀dá orin?

Èdè wa fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó da ọ̀rọ̀ yìí rú. À ń kọ orin, à ń kọ ìwé: ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà. Bí a bá ní "òun ló kọ orin yẹn," ó lè jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ la ń sọ, ó sì lè jẹ́ pé òun ló jókòó tó ronú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nínú òwò orin, iṣẹ́ méjì ni wọ́n, ẹ̀tọ́ méjì ni, ọ̀nà tí owó wọn ń gbà wọlé sì yàtọ̀. Nítorí náà, "kọ orin" ni màá máa pe ti ẹnu, "ṣẹ̀dá orin" ni màá máa pe ti èrò.

Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ṣe méjèèjì. Òun ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ àti ohùn tó gùn ún, òun náà ló tún gbé e sẹ́nu. Èyí kò sọ pé òun nìkan ló wà nídìí àwo náà. Pùròdúsà wà níbẹ̀, òun ló ń pinnu ibi tí ìlù máa wọlé sí, ibi tí gìtá máa dákẹ́ sí, àti ìgbà tí orin ti tó. Ẹni tó ń po àwọn ohùn pọ̀ lórí ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀, àwọn onílù àtàwọn elégbè náà sì wà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ náà kedere, ẹ wo Tracy Chapman, ọmọ Amẹ́ríkà, tó gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1988. Orin kan tó ń jẹ́ "Fast Car" wà nínú rẹ̀. Ní 2023, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Luke Combs tún orin yẹn kọ, ó sì gbayì káàkiri. Nígbà tí àwọn Country Music Association fẹ́ fi ẹ̀bùn orin ọdún náà dáni lọ́lá, Chapman ni wọ́n gbé e fún, nítorí ẹni tó ṣẹ̀dá orin ló ni ẹ̀bùn yẹn. Òun ni ẹlẹ́dàá-orin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Ọdún 35 ti kọjá lẹ́yìn àwo náà.

Ìdí nìyí tí ìdájọ́ àwo irú àwọn èèyàn yìí fi máa ń le. Akọrin tó gba orin lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé fún òun ni kò dára. Ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò rí ẹni tó máa nawọ́ sí.

Orin mélòó ló ń di àwo?

Ní ayé àwọn àwo tó ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ta orin púpọ̀ pa pọ̀, wọ́n á to àwo bíi mélòó kan sínú páálí tó ń ṣí bí ìwé tí à ń lẹ fọ́tò mọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà, "album", ti wá. Ní 1948 ni ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo gígùn jáde, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní elpíì, tí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 22. Àwọn ọ̀gá onijùjú wa mọ àǹfààní ìyẹn dunjú: wọ́n lè so orin mẹ́fà mọ́ra láìdánudúró títí abẹ́rẹ́ á fi dé àárín àwo. Sídíì (CD) wá sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 74.

Lónìí, ọ̀pọ̀ àwo ni ọwọ́ kò lè gbá mú mọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe òfin tirẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń fúnni ní Grammy, orin márùn-ún tó yàtọ̀ síra tí gbogbo rẹ̀ pé ìṣẹ́jú 15 ti tó, tàbí ìṣẹ́jú 30 láìka iye orin sí. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń to orin sípò ní Bírítéènì, ohun tó bá ju orin mẹ́rin lọ tàbí tó ju ìṣẹ́jú 25 lọ ni àwo. Spotify, tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní tiẹ̀ ń fẹ́ orin méje sókè, tàbí ìṣẹ́jú 30. Orin mẹ́rin sí mẹ́fà tí kò pé ìṣẹ́jú 30, EP ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wá gbé iṣẹ́ olórin kan tó ní orin mẹ́fà, ìṣẹ́jú 24, sáàárín àwọn òfin wọ̀nyí. Àwo ni lójú Grammy, àwo ni ní Bírítéènì, EP ni lórí Spotify. Àwọn méjì tó ń bára wọn jà lórí bóyá ó ti gbé àwo jáde tàbí kò tíì gbé e jáde jàre, àwọn méjèèjì.

Èwo gan-an ni àkọ́kọ́?

Ní 1982, Island Records gbé àwo kan tí King Sunny Adé ṣe jáde fún àwọn ará òkè òkun. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ gbà á bí iṣẹ́ olórin tuntun. Ẹni tó bá wà ní Òṣogbo nígbà yẹn mọ̀ pé ọkùnrin náà ti ń gbé àwo jáde láti ìparí àwọn ọdún 1960, tó sì ti ní ọ̀pọ̀ wọn lórí àtẹ kó tó di pé òyìnbó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwo àkọ́kọ́ tó dé etí yín lè máà jẹ́ àwo àkọ́kọ́ tó ṣe. Nígbà tí ẹ bá ka "àkọ́kọ́" nínú ìròyìn, ẹ bi í léèrè: àkọ́kọ́ níbo?

Ti Aṣa, akọrin wa, kò ní ìdàrúdàpọ̀ kankan nínú. Ní 2007 ni Naïve, ilé-iṣẹ́ kan ní Faransé, gbé àwo tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde. Cobhams Asuquo ló ṣe pùròdúsà rẹ̀, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Prix Constantin ní Faransé ní 2008. Lẹ́yìn orin ẹyọ kan-kan, lẹ́yìn EP, lẹ́yìn orin ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pín kiri, àwo kíkún tí olórin fi orúkọ ara rẹ̀ gbé jáde ni àwọn lámèyítọ́, ìyẹn àwọn tó ń gbọ́ orin tí wọ́n sì ń kọ ìdájọ́ rẹ̀, ń kà sí àkọ́kọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ya ti àkọ́kọ́ sọ́tọ̀? Olórin ti ń kó orin inú rẹ̀ jọ láti kékeré. Ó lè tó ogún ọdún. Èkejì kì í ju ọdún méjì lọ tí wọ́n á fi máa béèrè rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ń wá nínú àkọ́kọ́ yàtọ̀. Òṣogbo ìlú aró ni, àlàyé rẹ̀ sì wà nínú ìkòkò àwọn ìyá wa. Aṣọ tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀kan kì í dú. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sá a kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọ́n á tún rì í, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa dúdú. Ìyá aláró tó ń wo aṣọ lẹ́yìn tó rì í lẹ́ẹ̀kan kò béèrè pé ṣé ó ti dúdú. Ó ń wò bóyá aró mú aṣọ. Ohun tí lámèyítọ́ tó mọṣẹ́ ń wá nínú àwo àkọ́kọ́ nìyẹn: ṣé ohùn kan wà níbí tó jẹ́ ti ẹni yìí nìkan, tó ti mú, bí ó tilẹ̀ ṣì rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́?

Kí ni iṣẹ́ lámèyítọ́?

Lámèyítọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Níbi tí àwọn ọdẹ ti ń sun ìjálá, bí ẹnì kan bá ṣi oríkì kan sọ, ọdẹ mìíràn lè dá a dúró lójú agbo, kó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí, kó sì sun èyí tó tọ́. Ẹni tí wọ́n dá dúró náà lè gbèjà ara rẹ̀ pé bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ̀rí sì wà níwájú gbogbo èèyàn. Lámèyítọ́ àwo orin ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí ìwé.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ ìgbéjáde, àwọn tó ń ṣojú olórin á fi líǹkì ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn. Wọ́n á jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ tí àgbéyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ ṣáájú. Lámèyítọ́ á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, á tún gbọ́ ọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, á gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ ńlá, á gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ tàbí lórí fóònù tí kò dára. Àwo tó dùn ní sítúdíò nìkan kò tíì jáde.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń wò ni ọ̀rọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ń fi nǹkan hàn wá, àbí ó kàn ń sọ pé ìfẹ́ dùn, ayé le? Ẹlẹ́dàá-orin tó dáńtọ́ kì í sọ pé òun ń jìyà. Ó máa ń sọ iye tó kù nínú àpò àti ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló kan bí wọ́n ṣe to àwọn orin. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú àwo àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kó orin mẹ́ta tó dùn jù síwájú, kí gbogbo ẹ̀yìn wá ṣófo. Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé kó gùn jù, ìdí owó sì wà nídìí rẹ̀: Spotify ń ka orin kan sí èyí tí wọ́n gbọ́ bó bá ti pé ìṣẹ́jú-àáyá 30, nítorí náà orin 18 lè mú owó wá ju orin 10 lọ. Etí lámèyítọ́ kò gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí àwíjàre.

Àlejò tún ń ba àwo àkọ́kọ́ jẹ́. Bí olórin tuntun bá pe gbajúmọ̀ mẹ́jọ sínú orin mẹ́rìnlá, tí wọ́n gbọ́ ọ tán, àwọn gbajúmọ̀ ni wọ́n máa rántí. Ariwo pẹ̀lú ń bà á jẹ́. Àwọn kan ṣì gbà pé bí orin bá ṣe ń pariwo tó ni yóò ṣe ta tó, wọ́n á wá fún gbogbo ohùn mọ́ òkè títí tí ìyàtọ̀ kò fi ní sí láàárín ibi tí olórin ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ àti ibi tó ti ń ké. Asán ni, nítorí Spotify máa ń fa gbogbo orin wá sí nǹkan bíi −14 LUFS, ìyẹn òṣùwọ̀n ariwo tó fi ń bá wọn dọ́gba. Èyí tó pariwo jù, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ohun tó máa kù ni orin tí wọ́n ti tẹ̀ pa.

Kí ni etí òkèèrè kò lè gbọ́?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ará Òṣogbo ti mọ agbára tí wọ́n ní. Bí akọrin kan bá ṣẹ̀dá orin ní Yorùbá, apá kan wà nínú iṣẹ́ náà tí lámèyítọ́ tó wà ní New York kò lè ṣe ìdájọ́ rẹ̀, bó ti wù kó gbọ́n tó. Ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jọ rìn. Igbá kì í ṣe igbà, ìgbà kì í ṣe igba, ìgbá tún yàtọ̀. Bí orin bá ní "Mo gbé igbá," tí ohùn orin sì wálẹ̀ lórí ìró tó kẹ́yìn, etí wa ti gbọ́ "Mo gbé igbà." Ìyá tó ń lọ sódò ti di adẹ́mu tó ń lọ gun ọ̀pẹ.

Àwọn ìjọ wa mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nígbà tí wọ́n tú orin ìsìn láti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì gbé e lé ohùn òyìnbó gẹ́lẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló yí padà di nǹkan mìíràn lẹ́nu. Ohun tó jẹ́ kí àwọn ọmọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá orin ìsìn tó bá ohùn èdè mu nìyẹn.

Kò pọn dandan kí gbogbo àmì òkè bọ́ sí òkè pátápátá. Ìrìn láti ìró kan sí èkejì ló ṣe pàtàkì: bí ọ̀rọ̀ bá ń gòkè, kí orin má sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àgbà olórin máa ń rú òfin náà níbi tí gbólóhùn ti hàn gbangba tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣì í gbọ́. Ìdánwò kan wà tí kò náni ní nǹkan kan: ẹ ní kí àyàn kan fi gángan lu ohùn orin náà láìsọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó gbọ́ èdè bá lè mọ ìlà kan tàbí méjì nínú rẹ̀, ẹlẹ́dàá-orin náà ṣiṣẹ́. Bí kò bá mọ ọ̀kankan, ohùn lásán ló ṣe, ó wá wá ọ̀rọ̀ kún un.

Ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe nínú sítúdíò náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Yorùbá ní ohùn tó ń yọ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, àti èyí tó ń yọ̀ gòkè. Bí wọ́n bá yí ìyára àtúnṣe ẹ̀rọ náà dé òpin, ó máa gé gbogbo yíyọ̀ yẹn sí àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ á sì le lẹ́nu bí ẹni tó ń kọ́ èdè. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó mọ Yorùbá máa ń dẹ ìyára náà, tàbí kó fọwọ́ tún ibi tó ṣìnà nìkan ṣe.

Ní 1964, Dúró Ládiípọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbéra láti Òṣogbo níbí, wọ́n ṣe Ọba Kòso ní Berlin. Àwọn ará Jámánì tó wòran kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n lè yin ìlù, ijó àti aṣọ, ìyìn wọn sì tọ́. Ṣùgbọ́n bóyá ẹsẹ kan jinlẹ̀ tàbí kò jinlẹ̀, ilé ni wọ́n ti lè mọ ìyẹn. Bákan náà ni pẹ̀lú àwo. Nígbà tí àgbéyẹ̀wò òkèèrè bá ń sọ nípa gìtá, ìlù àti bí ohùn ṣe rẹwà, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bó bá dé orí ọ̀rọ̀ Yorùbá, etí tiyín ni kí ẹ lò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò máàkì náà?

Pitchfork, ìwé ìròyìn orin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń fúnni ní máàkì láti 0.0 dé 10.0. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ń fúnni ní ìràwọ̀ nínú márùn-ún. Àwọn mìíràn ń lo A, B, C bí ilé-ìwé. Metacritic, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, kì í gbọ́ orin rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kó máàkì gbogbo wọn jọ, kó sọ wọ́n di iye nínú 100, kó sì wá ìpíndọ́gba wọn. Àgbéyẹ̀wò mẹ́rin ló kéré jù kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní àwo kan gba ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, 7.1, B+, àti ìràwọ̀ méjì. Ìràwọ̀ mẹ́rin di 80. 7.1 di 71. Metacritic ń ka B+ sí 83. Ìràwọ̀ méjì di 40. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 274; bí a bá pín in sí mẹ́rin, 68.5 ni. Ẹ̀yin tó ń jà ní Ọláìyá, ẹ ti rí i: 7.1, ìràwọ̀ mẹ́rin àti nǹkan bí 68, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Metacritic kì í fún gbogbo ìwé ìròyìn ní ìwúwo kan náà, kì í sì í sọ ìwúwo tó fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá ka ẹni tó fún un ní ìràwọ̀ méjì lẹ́ẹ̀mejì, ìpíndọ́gba á wálẹ̀ sí 62.8. Bí a bá ka ẹni tó fún un ní B+ lẹ́ẹ̀mejì, á gòkè dé 71.4. Àwo kan náà, àgbéyẹ̀wò kan náà.

Ẹ tún wo èyí, nítorí òun ló ń tanni jẹ jù. Àwo mìíràn gba 70, 68, 67 àti 69. Àpapọ̀ rẹ̀ náà jẹ́ 274, ìpíndọ́gba rẹ̀ náà jẹ́ 68.5. Ti àkọ́kọ́, àwọn mẹ́ta fẹ́ràn rẹ̀, ẹnì kan kò lè fara dà á. Ti èkejì, kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀. Àwọn àwo méjì yìí kò jọra rárá. Bí owó bá wà fún ọ̀kan ṣoṣo, ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ rà. Ohun tó mú èèyàn mẹ́ta yọ̀, tó sì bí ẹnì kan nínú, nǹkan kan wà nínú rẹ̀.

Ẹ má fi ojú WAEC wò ó. Nínú WAEC, 40 súnmọ́ ìkùnà pátápátá. Lórí òṣùwọ̀n Metacritic fún orin, 40 sí 60 ni "èrò kò ṣọ̀kan", 61 sí 80 ni "wọ́n gbà á dáadáa", 81 sókè ni "ìyìn láti ibi gbogbo". Àwo tó ń wálẹ̀ kọjá 40 ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ìròyìn bá sì sọ pé èrò kò ṣọ̀kan lórí àwo kan, kò ní i lọ́kàn pé àwo náà burú. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn tó gbọ́ ọ kò rí ohun kan náà nínú rẹ̀.

Wọ́n yìn ín, kí ló dé tí kò tà?

Ìyìn àti ọjà kì í gba ọ̀nà kan náà. Nick Drake, ọmọ Bírítéènì, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1969. Ó kú ní 1974, àwo náà kò sì tà títí tó fi kú. Lónìí, wọ́n ń kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ tó ṣe iyebíye jù nínú irú orin rẹ̀. Ti Chapman yàtọ̀. Wọ́n yin àwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kó tàn ká ni ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1988, ní Wembley, níbi ayẹyẹ àádọ́rin ọdún Mandela, ẹni tí ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Òṣogbo ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohun èlò Stevie Wonder kan ló sọnù, wọ́n ní kí Chapman padà sórí pèpéle láti dí àlàfo àkókò náà, òun àti gìtá rẹ̀ nìkan. Tẹlifíṣọ̀n gbé e dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àgbéyẹ̀wò kò lè ṣe ìyẹn.

Ọjà ní ìṣirò tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, ń ka ìgbọ́ 1,500 lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí àwo kan. Góòlù jẹ́ 500,000, pílátínọ́ọ̀mù jẹ́ mílíọ̀nù kan. Àwo tó bá fẹ́ fi ìgbọ́ nìkan gba góòlù gbọ́dọ̀ ní ìgbọ́ mílíọ̀nù 750. Ọmọ kan ṣoṣo tó gbọ́ orin kan nígbà 200 ti wọ inú iye yẹn nígbà 200. Lámèyítọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ohùn rẹ̀.

Báwo ni ẹ ṣe lè mọ àgbéyẹ̀wò yàtọ̀ sí ìpolówó?

Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí àgbéyẹ̀wò, ìwé ìpolówó tí àwọn tó ń ṣojú olórin kọ ni. Ẹ wá àléébù nínú rẹ̀ ná. Bí kò bá sí ẹyọ kan, ẹ ṣọ́ra. Ẹ wo bóyá ó dárúkọ orin kan, tó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárín orin náà: ibi tí ìlù ti dákẹ́, ìlà kan tó mú un tàbí tó já a kulẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ orin kì í lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìparí rẹ̀ bá ń sọ ibi tí wọ́n ti lè gbọ́ àwo náà àti orúkọ olórin lórí Instagram, ẹ ti mọ ẹni tó kọ ọ́. Bí ẹ bá rí gbólóhùn kan náà ní ibi mẹ́ta tó yàtọ̀, orísun kan ni wọ́n ti dà á kọ.

Fún olórin ní Òṣogbo tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ń bọ̀ lọ́nà, àṣìṣe tó ṣeé yẹ̀ pọ̀ nínú orúkọ. Kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá a ṣẹ̀dá orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti ìpín wọn kí wọ́n tó kúrò ní sítúdíò, nítorí lẹ́yìn tí orin bá ti gbajúmọ̀, ìrántí kálukú máa ń yí padà. Kí ó rí i pé orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ISRC tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ orin, alámì 12, tí kò gbọ́dọ̀ yí padà bí wọ́n bá tún orin náà gbé jáde nínú àkójọ mìíràn. Kí ó kọ orúkọ orin bákan náà níbi gbogbo, pẹ̀lú àmì ohùn tàbí láìsí i. Bí ibì kan bá ní ẹ́, tí ibòmíràn ní e lásán, ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí orin méjì. Kí ó sì fi orin tó fẹ́ kí Spotify gbé yẹ̀wò fún àkójọ wọn ránṣẹ́ ó kéré tán ọjọ́ méje ṣáájú ìgbéjáde.

Bí àgbéyẹ̀wò bá jáde tó sì dunni, nǹkan méjì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ kọ, tí wọ́n gbé iṣẹ́ onígìtá fún ẹlòmíràn, tàbí tí wọ́n ní orin Yorùbá jẹ́ ti èdè mìíràn, àṣìṣe òtítọ́ nìyẹn. Ẹ kọ̀wé sí olóòtú ìwé ìròyìn náà, kì í ṣe sí lámèyítọ́, ẹ tọ́ka sí gbólóhùn náà gẹ́lẹ́, ẹ fi ẹ̀rí tì í, ẹ sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Ìwé ìròyìn gidi máa ń tún irú rẹ̀ ṣe, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó ní orin kẹrin gùn jù, èrò rẹ̀ ni. Ẹ padà lọ gbọ́ orin kẹrin.